Nígbà tí Ilé Orí Táyà Sọ̀ sí Bódìjà

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, lẹ́nu ibodè Ìbàdàn níbi tí òpópónà márosẹ̀ tó ti Èkó bọ̀ ti pín sí méjì, èmi àti ọkọ mi ja ìjà kan tí a kò jà irú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀nà kan yà sí apá òsì, ó gba Challenge wọ ìlú. Èkejì ń lọ tààrà sí Ìwó Róòdù àti Òjóò. Òun ni ẹni tó bá ń lọ sí Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin máa ń tọ̀. Ọkọ mi ní tààrà ni a ń lọ, Ògbómọ̀ṣọ́ ni a ó sùn. Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà." Ó ní kí ló wà ní Ìbàdàn tí a kò tíì rí? Mo ní ilẹ̀ ń ṣú. Ó ní ṣé òní ni ilẹ̀ kọ́kọ́ ṣú ni? Nígbà tí mo rí i pé ó tún fẹ́ tẹná mọ́ ọkọ̀, mo pa irọ́ kan tí n kò kábàámọ̀ rẹ̀ títí di òní: mo di ikùn mú, mo ní inú ń run mí. Ó wò mí, ó mí kanlẹ̀, ó sì yà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá wa bọ̀ lórí ojú ìwé yìí mọ ọkọ̀ tí mò ń sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí a lọ kí Táyé, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì wa, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, òun àti ọkọ rẹ̀ háyà irú ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní RV, èyí tí bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi gbé wa lọ sí San Antonio, ìlú ìtàn kan tí gbogbo ayé ti ń wá wo Alamo, ilé ìjọsìn àtijọ́ tí ogun ńlá ti wáyé ní ọdún 1836. Èmi wo Alamo. Ọkọ mi kò wo nǹkan kan bí kò ṣe ọgbà tí a gbé ọkọ̀ sí lálẹ́: bí wọ́n ṣe fa iná àti omi ẹ̀rọ wá sí ìdí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí àwọn arúgbó lọ́kọ-láya ṣe jókòó síwájú ọkọ̀ wọn tí wọ́n ń mu tíì, tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń wá.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti yí padà nílé wa. Ó ti fẹ̀yìntì nídìí iṣẹ́ ilẹ̀-wíwọ̀n. Ó mú nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ó ra bọ́ọ̀sì àlòkù kan, ó pe káfíńtà, ó pe wẹ́dà. Wọ́n tú àwọn ìjókòó inú rẹ̀, wọ́n kan bẹ́ẹ̀dì sí ẹ̀yìn, wọ́n gbé sílíńdà gáàsì kékeré sínú àpótí onírin, wọ́n sì to sólà sórí òrùlé rẹ̀ fún fáànù kan àti gílóòbù méjì. Àwọn ọmọ àdúgbò ló sọ ọ́ ní Ilé Orí Táyà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ọkọ mi rọra, ọ̀rọ̀ Pelumi Nubi ló máa ń fi dáhùn, ọ̀dọ́bìnrin tí ó dá wa ọkọ̀ kékeré láti London dé Èkó ní ọdún 2024. "Ọmọ tí mo lè bí ni," ni yóò wí, "ó sì gba aṣálẹ̀ kọjá. Èmi ò wá ní lè wakọ̀ dé Jẹ́bà?" Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti dé ibẹ̀, yóò tún fa Ọlábísí Àjàlá wọ̀ ọ́, ẹni tí ó fi ọkọ̀ Vespa rìn káyé títí orúkọ rẹ̀ fi di ohun tí a ń pe ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró sójú kan.

Jẹ́bà ni a ń lọ lóòótọ́, láti wo Odò Ọya, kí a sì máa sùn ní ìlú kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà. Ìbàdàn kò sí nínú ìwé ètò náà rárá. Ìdí tí ọkọ mi sọ ni pé a ti gbé ibẹ̀ rí, àti pé Màpó, Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba ni ìtàn Ìbàdàn wà, òun kò sì fẹ́ gbé bọ́ọ̀sì wọ àárín ọjà.

Ohun tí èmi kò sọ jáde lẹ́nu ibodè náà ni pé láti Ṣàgámù ni ojú mi ti wà lára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ ti fẹ́ yọ̀ sí etí títì lápá ọ̀tún. Ní oṣù méjì ṣáájú, ó fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ha òpó géètì wa, géètì tí ó ti ń gbà wọlé fún ogún ọdún. Ó ní wọ́n ri òpó náà síwájú jù. Mo gbà bẹ́ẹ̀ nítorí àlàáfíà. Tọkọtaya tí ó bá ti pẹ́ lọ́dọ̀ ara wọn mọ irú gbígbà bẹ́ẹ̀.

Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ló kí wa káàbọ̀ ní Challenge, àdúgbò tí àwọn àgbà ní ó gba orúkọ rẹ̀ lára ilé ìtàwé àwọn oníwàásù kan tí ó wà níbẹ̀ láyé àtijọ́. Àwọn takisí Micra ń já wọ iwájú wa láìwẹ̀yìn. Ní Ring Road, a kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìṣeré tí wọ́n ṣí ní ọdún 1960, tí gbogbo wa mọ̀ sí Liberty kí wọ́n tó fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ọ́ ní ọdún 2010. Ibẹ̀ ni Dick Tiger ti na Gene Fullmer ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n jà fún ìgbánú àgbáyé. Bàbá ọkọ mi wà láàárín èrò lọ́jọ́ náà. Ìtàn ìjà yẹn ni wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọ wọn títí wọ́n fi kú, ẹ̀ṣẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ẹni tí ó ṣì ń wò ó. Wọ́n nílò rẹ̀, nítorí pé nígbà tí wọn yóò fi tó ẹni àádọ́ta ọdún, ojú wọn méjèèjì ti fọ́. A kì í sọ̀rọ̀ ojú bàbá nílé ọkọ mi. Mo ti mọ èyí láti ọdún àkọ́kọ́ tí mo wọlé wọn.

A gba Òkè-Àdó, a gba Dùgbẹ̀, a gun Mọ́kọ́lá, a gba ẹ̀yìn Sẹkitéríátì. Ilẹ̀ ti ṣú tán nígbà tí a yà wọ Bódìjà. Ọmọbìnrin kan tó ru àgbàdo bíbọ̀ ń bọ̀ ní etí ọ̀nà lápá ọ̀tún. Mo rí i láti òkèèrè. Mo rò pé ọkọ mi náà rí i. Dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbá àwo orí rẹ̀, àgbàdo tú ká ilẹ̀, ọmọ náà figbe ta. Ọlọ́run ló yọ ọ́, kò fara pa. A sọ̀ kalẹ̀, a bẹ̀ ẹ́, a san owó ọjà rẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Àwọn tí wọ́n ti ń kó jọ láti bá wa jà rí ewú orí wa, wọ́n sì fi wá sílẹ̀. Ọkọ mi dúró ti ọkọ̀, ó ń wo etí ọ̀nà bí ẹni pé inú ilẹ̀ ni ọmọ náà ti yọ.

"Ìyá Ìbejì," ó ní, "níbo ló gbà?"

Ilé àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ni a wọ̀ sí, ìyá ẹni ọdún 81 tí gbogbo ẹbí ń pè ní Ìyá Bódìjà, nọ́ọ̀sì tó fẹ̀yìntì ní ilé ìwòsàn UCH. Ní Bódìjà Àtijọ́ ni ilé wọn wà, nínú ẹ̀sìteètì tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní ọdún 1959. Ọkọ mi kì í wọ ibẹ̀ kí ó má yin àwọn tó wọn ilẹ̀ náà: wọ́n la ọ̀nà kí wọ́n tó kọ́lé, wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín ilé sí ilé, igi sì rí ibi hù. Ọdún 1959 yẹn kan náà ni tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá. Ẹni tó bá ní Màpó nìkan ni ìtàn wà kò tíì rìn ní apá ibí. Ìtàn ibí pàápàá kò tíì parí: Ìyá Bódìjà fi òkè àjà yàrá wọn hàn wá, níbi tí ìbúgbàù ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024 ti ya á, tí wọ́n fi pákó tuntun dí i.

Ṣùgbọ́n èyí ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ìjà kejì ti parí. Ọkọ mi ti gbé ọkọ̀ sí abẹ́ igi máńgòrò, ó ti ń tú aṣọ ìbora, ó ní ẹ̀yìn oúnjẹ ni a ó padà wá sùn sínú ilé wa. Ní ilẹ̀ òyìnbó, ẹni tó sùn sínú ọkọ̀ rẹ̀ níwájú ilé ẹbí ń gba ẹbí náà lọ́wọ́ wàhálà ni. Lọ́dọ̀ wa, ó bú wọn.

"Àjàní," ni ìyá wí láti ẹnu ọ̀nà, "ta ni mo ṣẹ̀ nínú yín? Mo ní yàrá mẹ́rin, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń sùn sínú mọ́tò níwájú ilé mi. Kí ni ẹ fẹ́ kí àwọn ará àdúgbò wí?"

Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ̀yin lẹ ni wá." Ọkọ mi ṣàlàyé sólà, ó ṣàlàyé fáànù, ó ṣàlàyé San Antonio. Ìyá gbọ́ ọ títí dé òpin, wọ́n sì ní kí n kó ẹrù wọlé. Mo kó o.

Àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú ni a jẹ. Bí ọkọ mi ṣe na ọwọ́ sí ṣíbí, ó gbá ife omi tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ dànù. Kò pẹ́, ìyá bá a sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ó sì yí gbogbo orí padà kí ó tó rí wọn. Wọn kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí a pa àwo mọ́, wọ́n fa àga wọn wá síwájú rẹ̀, wọ́n jókòó kó o lójú, wọ́n ní kí ó fi ọwọ́ bo ojú òsì, kí ó tẹ ojú ọ̀tún mọ́ imú àwọn, kí ó má sì wo ibòmíràn. Wọ́n na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n ń mi ìka bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìta wá sí àárín.

"Sọ fún mi bí o bá ti rí i."

Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín. Ìka náà kọjá etí rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ó kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé iwájú imú kí ó tó ní òun rí i. Èmi tí mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ ti rí i tipẹ́. Wọ́n ṣe ojú kejì. Òun sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò pé.

Ìyá gbé ọwọ́ lé itan. "Bí ojú bàbá rẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí," ni wọ́n wí.

Ohun tí a kì í sọ nílé ọkọ mi ni wọ́n jókòó sọ fún wa lálẹ́ ọjọ́ náà títí iná fi lọ tí a tan àtùpà. Nígbà tí bàbá bẹ̀rẹ̀ sí kọsẹ̀ lójú ọ̀nà tí wọ́n ti ń rìn láti kékeré, àwọn ẹbí ní ayé ni. Wọ́n ní orogún ìyá wọn kan ni. Wọ́n lé obìnrin náà kúrò nílé, ó sì kú sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ láìsí ẹni tó bá a padà sọ̀rọ̀. Ìyá Bódìjà ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà. Wọ́n mọ orúkọ àìsàn náà. Wọ́n bẹ ẹ̀gbọ́n wọn kí ó tẹ̀ lé àwọn wá sí UCH, ó ní ilé ìwòsàn kò mọ nǹkan kan nípa ayé. Nígbà tí ojú fọ́ tán, àgbà ẹbí pè wọ́n, ó ní kí wọ́n má ṣe fi ọ̀rọ̀ ìwé kó ìtìjú bá ilé. Wọ́n dákẹ́.

"Láti ìgbà náà ni mo ti dákẹ́," wọ́n ní. "Àìsàn tí ó lè ti ọ̀dọ̀ òbí dé ara ọmọ ni. Mo mọ̀. Ẹ̀yin mẹ́ta ni ẹ wà, mi ò pe ẹnikẹ́ni nínú yín jókòó rí. Mo ń sọ pé bóyá kò ní kàn yín."

Ọkọ mi dìde, ó ní ó ti rẹ òun, ojú òun mọ́ gaara, ó wọ yàrá lọ. Ìyá ti mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lórí tábìlì, wọ́n fi sí ìdí ìró.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, láti fi hàn wá pé ojú òun mọ́, ó ní kí èmi àti òun lọ sí Dùgbẹ̀. A wọ takisí. Gbogbo pátákó tó wà lójú ọ̀nà ni ó ń kà sí mi létí láti òkèèrè, títí kan nọ́ńbà fóònù tó wà nísàlẹ̀ wọn, ó sì ń kà á pé. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí balẹ̀. A sọ̀ kalẹ̀ níwájú Ilé Kòkó. Ọkọ mi fẹ́ràn ilé náà ju ilé ìjọsìn lọ: àjà 26, gíga rẹ̀ tó mítà 105, wọ́n parí rẹ̀ ní ọdún 1965 pẹ̀lú owó tó ti inú oko àwọn àgbẹ̀ wa jáde. Iná jó o ní ọdún 1985, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní ọdún 1992. Ó dúró sí etí títì, ó gbójú sókè, ó ń ka fèrèsé rẹ̀ fún mi bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí a wà lọ́dọ̀ọ́. Ó ń rí àjà tó ga jù lọ. Kò rí kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo fa ẹ̀wù rẹ̀ títí bọ́tìnì méjì fi já. Kẹ̀kẹ́ náà kọjá, onítọ̀hún ń bú wa lọ. Bàbá Ìbejì dúró, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó tẹ̀ láti ṣa bọ́tìnì rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni ó rí. Èkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì," ó ní, "mi ò rí i."

N kò mọ̀ bóyá bọ́tìnì ni ó ń sọ tàbí kẹ̀kẹ́. N kò béèrè.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó ní kí a lọ sí Agbówó. Yàrá kan tí a háyà nígbà tí a jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni ó fẹ́ wò. A kò rí ilé náà. Ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ti dúró sójú rẹ̀, kíóòsì àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì yí i ká. Ọ̀nà tí ó wọ ibẹ̀ ni mo rántí jù. Nígbà náà, bí iná bá lọ lálẹ́, kòtò pọ̀, èmi ni n kì í ríran dáadáa nínú òkùnkùn. Òun ni yóò di ọwọ́ mi mú láti títì wọlé. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà ní ọwọ́ mi bí a ṣe dúró níbẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé ń wò wá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Ajé, a lọ sí ilé ìwòsàn ojú kan lápá Ring Road. Wọ́n wọn ìfúnpá inú ojú rẹ̀. Wọ́n kán nǹkan sí i kí ẹyinjú lè là, wọ́n sì tan iná wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé orí rẹ̀ sí iwájú ẹ̀rọ kan, wọ́n ní kí ó tẹ bọ́tìnì nígbàkúgbà tí ó bá rí ìmọ́lẹ̀ kékeré. Mo jókòó sí ẹ̀yìn, mò ń gbọ́ bí bọ́tìnì náà ṣe ń dún, mo sì ń gbọ́ ìgbà tí kò dún.

Glaucoma ni. Dókítà obìnrin tó ṣàyẹ̀wò náà fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀, n ó sì sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ nítorí ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Omi kan wà nínú ojú tí ó ń wọlé tí ó sì ń jáde. Bí kò bá rí ọ̀nà jáde dáadáa, ìfúnpá rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i, á sì máa pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ díẹ̀díẹ̀. Irú èyí tó wọ́pọ̀ láàárín wa kì í dun ènìyàn. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ, á fi àárín sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ lórí pátákó fi lè máà rí ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ọpọlọ á máa dí àlàfo náà fún un, kò ní mọ̀ pé ohun kan ti lọ. Ohun tó ti lọ kì í padà, kò sí oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ tó lè dá a padà. Ṣùgbọ́n a lè dá èyí tó kù dúró pẹ̀lú oògùn kíkán sójú lójoojúmọ́, tàbí iṣẹ́ abẹ bí oògùn kò bá tó. Àwa aláwọ̀ dúdú ló ń bá jà jù, ó sì máa ń ba ojú wa jẹ́ kíákíá. Ẹni tí òbí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ bá ní in gbọ́dọ̀ lọ ṣàyẹ̀wò. Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún náà, kí ó lọ.

Ojú ọ̀tún ọkọ mi ti lọ jìnnà. Ti òsì ni a ń jà fún. Dókítà ní kí ó má wakọ̀ mọ́.

N kò ní purọ́ fún yín pé ó gbà á tọkàntọkàn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wọ inú Ilé Orí Táyà lọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá Bódìjà ni wọ́n lọ bá a. Wọ́n fi ọ̀pá wọn gun àtẹ̀gùn ọkọ̀, wọ́n jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní kí ó tan fáànù náà kí àwọn wò ó. N kò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ lọ, ìyá ti sùn lọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ọkọ mi jókòó sí ẹsẹ̀ wọn, ó sì gbé ìka sẹ́nu pé kí n má pariwo.

Lọ́jọ́ kejì ni ó tẹ àwọn àbúrò rẹ̀ láago. Obìnrin ní òun yóò lọ ṣàyẹ̀wò lọ́sẹ̀ náà. Èyí ọkùnrin ní Ìkirè fèsì pé gbogbo ènìyàn ló mọ ẹni tó fọ́ ojú bàbá, kí wọ́n má fi òyìnbó bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀. Ọkọ mi gba ìbínú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ó ní, "Obìnrin yẹn kò ṣe nǹkan kan. Kí o lọ ṣàyẹ̀wò." Ó gbé fóònù kalẹ̀. Nígbà tí mo ń kọ èyí, àbúrò náà kò tíì lọ. Táyé ti lọ ní Texas, ojú rẹ̀ mọ́. Kẹ́hìndé, tó wà ní Abẹ́òkúta, ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀pọ̀ yín ti kọ̀wé béèrè bí irú ìrìn àjò yìí ṣe ṣeé ṣe ní ilẹ̀ wa. Ìdáhùn mi kúrú. Ibi tí a ó sùn ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Kò sí ọgbà bíi ti San Antonio lọ́dọ̀ wa. Ẹ má sùn sí ẹ̀bá títì láéláé. Ọgbà ilé ẹbí ló dára jù, tàbí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí hòtẹ́ẹ̀lì tí ẹ bá ti bá alábòójútó rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ẹ ti gáàsì pa kí ẹ tó sùn, ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ má wakọ̀ lẹ́yìn agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá sì mọ̀ pé ẹni tó ń wakọ̀ yín ti ń ha òpó géètì, ọkọ̀ ojú irin wà láti Èkó dé Mọníyà láti ọdún 2021.

Ó ti di ọjọ́ kọkàndínlógún tí a ti wà ní Ìbàdàn báyìí, àwa tí a kò fẹ́ sọ̀ níbẹ̀. A ń dúró de àyẹ̀wò kejì kí dókítà lè mọ̀ bóyá oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Àwa méjèèjì ti ń sùn sínú ọkọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Ìyá fọwọ́ sí i, wọ́n ní àwọn ti ṣàlàyé fún àwọn ará àdúgbò. Lọ́sàn-án, bí iná bá ti lọ, àwọn ni wọ́n máa ń gba bẹ́ẹ̀dì náà nítorí fáànù.

Èmi ni mo ń kọ́ ọkọ̀ wíwà padà. Ìwé ìwakọ̀ mi ti kú tipẹ́, mo ti ń tún un ṣe. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú, kí àwọn ènìyàn tó jáde, a máa ń gbé bọ́ọ̀sì náà yípo àwọn òpópónà Bódìjà. Ọkọ mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń ka gbogbo kòtò tó wà níwájú fún mi bí ẹni pé èmi ni n kò ríran. Mo ń dáhùn "ẹ ṣeun" sí kòtò kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo bá fẹ́ yà sí ọ̀tún, mo máa ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ara mi, láìsọ fún un.

Agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù. Ó ń pè mí láti orí bẹ́ẹ̀dì kí n wá kán oògùn náà, nítorí bí òun bá kán an fúnra rẹ̀, kí ẹ̀kán tó já bọ́ ni ó máa ń di ojú.